Plastigage tàbí maikirómítà: èwo la ó fi wọn àlàfo kọ́nrọ́ọ̀dù?

Àlàfo yìí ni àyè tíńtín tó wà láàárín kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì) àti kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Okùn Plastigage tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀ bí ìda. Ẹ gé díẹ̀ sórí kíráńkì tí ẹ ti nù gbẹ, ẹ dé ìdérí kọ́nrọ́ọ̀dù lé e, ẹ fún bóòtù dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ. Ẹ má yí kíráńkì o! Mo yí i rí. Ńṣe ló fà bí ewédú. Ẹ tú u, kí ẹ fi bébà oníwọ̀n tó bá a wá wọn ìbú okùn tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ; ìbú yẹn ló máa sọ bí àlàfo ṣe tó. Kò wọ́n, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ń wọ̀n.

Maikirómítà (tó ń wọn bí ọ̀pá ṣe nípọn tó) àti bore gauge (tó ń wọn inú ihò) gba owó àti sùúrù, ṣùgbọ́n wọ́n á fi hàn yín bí kíráńkì ò bá rí róbótó mọ́. Lára ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350, tí ojú kíráńkì rẹ̀ tí kọ́nrọ́ọ̀dù ń gùn nípọn tó íǹṣì 2.100, àlàfo íǹṣì 0.0021 sí 0.0025 ni mo máa ń wá. Fún ẹ́ńjìnnì eré ìje, maikirómítà ni tèmi.