Nínú kọ̀ǹpútà dataflow, níbi tí ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ ní kété tí dátà tó nílò bá dé, èwo ni kéèyàn mú: static dataflow àbí tagged-token?

Ti Jack Dennis ní MIT, ìyẹn static, token (ìyẹn ẹyọ dátà) kan ṣoṣo ló lè wà lórí okùn kan tó so ìtọ́ni méjì pọ̀, torí náà orí kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún ẹ̀rọ, ni gbogbo wàhálà wà: tí ọ̀nà kan bá gùn ju èkejì lọ, á ki bọ́fà (àyè ìdúró fún token) sí èyí tó kúrú kí méjèèjì lè jọ dé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ á máa dúró lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tagged-token, irú ti Yunifásítì Manchester tó ń ṣiṣẹ́ ní 1981, ń so táàgì (àmì tó ń fi hàn ìyípo tó ni ín) mọ́ token kọ̀ọ̀kan, lúùpù á wá máa tú ara ẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ìyípo lè jọ máa lọ, ó dùn o, àmọ́ mẹ́mórì lè kún fọ́fọ́, àfi kí kọ̀ǹpáílà fi gbèdéke sí iye ìyípo tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún recursion, ìyẹn kí fọ́ńṣọ̀n máa pe ara ẹ̀, tagged-token ni màá mú.