B6-4 ló bá pápá wa mu: ohun tí mo rí nípa ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ìṣeré àti igniter tó ń dáná sí i

Bí ẹ bá ń gbé Èkó, tí ẹ fẹ́ràn rọ́kẹ́ẹ̀tì ìṣeré, ẹ má fowó yín ra ẹ́ńjìnnì C. B6-4 ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù ra bátìrì gidi. Mo ti ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì yìn ín ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ẹ́ńjìnnì náà. Lẹ́tà tó ṣáájú ló ń sọ bí agbára inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: A kì í kọjá 2.5 Newton-second, B kì í kọjá 5, C kì í kọjá 10. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀n agbára tó fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì, ní Newton. Èyí tó gbẹ̀yìn ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi dúró lẹ́yìn tí ẹ̀tù rẹ̀ bá jó tán, kí ẹ̀tù kékeré tó wà lókè tó yìn, kó ti páráṣúùtì jáde. Èyí tó bá ní 0 nígbẹ̀yìn, bíi C6-0, kò ní ẹ̀tù kékeré yẹn rárá. Ìpele ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele méjì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi í nìkan sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì láé, yóò já bọ́ bí ọ̀kọ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní B? Òfin ààbò ẹgbẹ́ àwọn olórọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, NAR, sọ pé ẹ́ńjìnnì A ń fẹ́ pápá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú jù tó nǹkan bíi mítà 30, B ń fẹ́ 60, C ń fẹ́ 120. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé pérépéré sábà máa ń jẹ́ mítà 105 sí 68, mélòó nínú pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ló sì tó bẹ́ẹ̀? Tí a bá yìn C lọ́sàn-án, tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti dé, páráṣúùtì á gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá ògiri, ó di orí páànù onípáànù tàbí orí wáyà iná. B6-4 máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọgbà, pàápàá tí a bá fi ọ̀já gígùn rọ́pò páráṣúùtì. A8-3 náà dára fún rọ́kẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ tí àwọn ọmọ kékeré fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn rọ́kẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó yìn ín. Agbára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rẹ̀, nítorí náà B6 kò gbọ́dọ̀ gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 120 lọ, tẹ́ńjìnnì tẹ́ńjìnnì. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníkéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun la ń lò. Gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ń rọ́ sí ìdí apá rẹ̀ máa ń wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ igniter ló gba sùúrù jù. Wáyà méjì ni, tí wáyà tín-ín-rín kan so orí wọn pọ̀. Iná bátìrì ni yóò mú orí yẹn pọ́n, kó sì dáná sí ẹ̀tù. Orí náà gbọ́dọ̀ kan ẹ̀tù gan-an nínú ihò amọ̀ tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Tó bá fi díẹ̀ jìnnà sí i, á kàn pọ́n lásán, á sì jó dànù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Èmi máa ń ki í wọlé títí yóò fi kọ̀ láti lọ, kí n tó fi èdídí oníke dè é, kí n wá ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Èyí tí orí rẹ̀ ní nǹkan dúdú tó ń yára gbiná ni mo fẹ́ràn jù.

Bátìrì wá ńkọ́? “Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù ti tàn, kò sì lọ!” Ohun tí àwọn ọmọ máa ń ké nìyẹn tí a bá fi bátìrì AA olówó pọ́ọ́kú sínú rìmóòtù ìyìn. Iná díẹ̀ ló ń tan gílóòbù ara rìmóòtù. Igniter ń fẹ́ púpọ̀, bátìrì yẹn kò sì lè pèsè rẹ̀. AA alkaline tuntun ń ṣe é, ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ nígboro. Bátìrì UPS kékeré oní-12 volt tí a rà ní Computer Village, tí a fi wáyà gígùn so, ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ẹ máa fi sánpépà ra ẹnu kílíìpù tó ń mú ẹsẹ̀ igniter, torí èéfín àti ìpẹtà máa ń bò ó. Bí kò bá gbiná, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rìmóòtù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Nígbà ìyìn, ẹ jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 5.

Ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn Èkó, kí ẹ tún wá gbé e sínú yàrá tútù. Ẹ̀tù tó ń gbóná tó ń tutù máa ń là kúrò lára páálí rẹ̀, iná á gba àárín wọn kọjá, ẹ́ńjìnnì á bú gbàù lórí ọ̀pá ìyìn. Inú korobá tó dé pinpin, níbi tó tutù, tó jìnnà sí ìdáná àti jẹnẹrétọ̀, ni tiwa wà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi í sínú ẹrù ọkọ̀ òfurufú, ìbáà jẹ́ èyí tó gbé lọ́wọ́ tàbí èyí tó fi sílẹ̀. Ẹ̀tù ni, ó sì nílò ìwé àṣẹ kó tó wọ orílẹ̀-èdè wa, ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò kí ẹ tó yìn ín, pàápàá ní Oṣù Kejìlá tí wọ́n máa ń kéde pé òfin de bánga. Ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bánga lẹ ń yìn ni?” A ní rárá o, mà. A mú rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ fi hàn wọ́n, wọ́n sì jókòó wo ìyókù.

C6-7 tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ò ní yìn ín ní Yábàá. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ la máa gbé e lọ, bí a bá ríbi tó fẹ̀ tó.