Ọ̀dà sátíìnì olómi lára àpótí oyin: bó ṣe rí lẹ́yìn òjò ọdún méjì

Ọ̀dà sátíìnì olómi, èyí tó ń dán díẹ̀, tí wọ́n ń fi kun ògiri ìta ni mò ń sọ, gálọ́ọ̀nù lítà 4, funfun. Ara àpótí oyin mẹ́rin ló wà, ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pákó àfàrà ni wọ́n fi kàn wọ́n. Ẹ rà á, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára agolo gbọ́.

Gálọ́ọ̀nù kan kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ṣẹ́kù tó ìdajì. Kíkùn àkọ́kọ́ ló ń jẹ ọ̀dà jù, torí pákó tí kò tíì rí ọ̀dà rí máa ń mu ún bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ fi omi là á díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò fẹ́ omi. Lásìkò ọyẹ́, wákàtí mẹ́rin tó láàárín wọn; nínú oṣù keje, ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́.

Pákó ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, kì í ṣe ọ̀dà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé ṣì ní omi nínú. Tẹ́ ẹ bá kùn ún bẹ́ẹ̀, omi náà á wá ọ̀nà jáde, ọ̀dà á lé ròrò bí ibi tí iná jó, á wá máa bó. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó báyìí nísàlẹ̀. Ẹnu ibi tí ayùn gé ló kọ́kọ́ ń mu òjò, ẹ fún ibẹ̀ ní ìkùn mẹ́rin.

Ẹ má kun inú rárá. Oyin fúnra wọn ló ń fi oje igi ra inú ilé wọn, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin ráyè jáde. Àwọn igi òkè tí wọ́n ń so afárá mọ́ náà kò gbọdọ̀ rí ọ̀dà.

Nínú oòrùn tiwa, funfun ló ṣe é lò jù. Ìda ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ti ń rọ̀ kó tó débẹ̀; oyin ní tiwọn fẹ́ kí ibi tí ọmọ wà máa wà ní bí 35. Nínú àpótí dúdú, omi pípọn àti apá jíjù ni wọ́n á fi ọ̀sán ṣe dípò kí wọ́n lọ sídìí òdòdó. Àléébù funfun ni pé ó ń tàn débi títì, olè oyin kò sì fọ́jú. Ẹni tí ògiri rẹ̀ kò ga, kó lo àwọ̀ ewé tí kò ki. Tí àwọn àpótí bá sún mọ́ra, ẹ fi búlúù sàmì sókè ẹnu ọ̀nà ọ̀kan, yẹ́lò sí èkejì, kí oyin má baà ṣilé wọ̀. Pupa ò lè ṣe é, bíi dúdú ló rí lójú wọn.

Agolo ní wákàtí méjì ló ń gbẹ. Gbígbẹ fún ọwọ́ nìyẹn. Ẹ gbé àpótí sí atẹ́gùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ kimú bọ̀ ọ́; tí òórùn bá ṣì wà, ẹ má tíì fi ìda ra igi òkè láti fa oyin.

Ẹ̀mọ́ọ́ṣọ̀n inú ilé olówó pọ́ọ́kú kò tó o rárá: tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn òjò, á mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹfun. Gílóòsì ń dán, àmọ́ òórùn rẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń há omi mọ́ pákó nínú. Oògùn ikán tí káfíńtà máa fi lọ̀ yín ńkọ́? Ohun tó ń pa ikán kò ní dá oyin sí.

Níbi tí àpótí bá wà lábẹ́ igi obì, bíi ní ọgbà Rẹ́mọ, ara sátíìnì yìí á hu èbu. Omi àti kànrìnkàn ti tó. Títún un kùn ló ṣòro, torí oyin ilẹ̀ wa kì í gbà fún ẹnikẹ́ni: ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kùn, nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú èéfín. Ti iwájú, ó di ọjọ́ tí àpótí bá ṣófo.