Ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ fún John Archer, kánsẹ́lọ̀ Battersea

A máa ń fún ṣọ́ọ̀bù ní ìràwọ̀, a máa ń fún dírẹ́bà ní ìràwọ̀, àmọ́ kánsẹ́lọ̀ tí owó orí ará ìlú ń bọ́, tó bá ti kúrò lórí àga báyìí ó parí, kò sẹ́ni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò mọ́. Mo fẹ́ yẹ ti ẹnì kan wò lónìí, John Archer tó ṣe kánsẹ́lọ̀ ní Battersea nílùú London. Liverpool ni wọ́n bí i sí ní 1863, ọmọ Barbados ni bàbá ẹ̀, ọmọ Ireland ni ìyá ẹ̀.

Ohun táwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọn ni pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe méyọ̀ ní London (kì í ṣe ní gbogbo Britain o, Allan Minns ti ṣe tiẹ̀ ní Thetford ní 1904). Inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni wọ́n fi ń ṣe méyọ̀ nígbà yẹn, iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ tó ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fi ń díwọ̀n ẹ̀ ní tèmi.

Iṣẹ́ fótò ló ń ṣe jẹun, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Battersea Park Road. 1906 ló wọlé fún wọ́ọ̀dù Latchmere, ọdún yẹn náà ni Henry Sylvester Williams, ọmọ Trinidad tó pe àpérò àwọn ọmọ adúláwọ̀ jọ ní London ní 1900, wọ káńsù Marylebone. Ọ̀rọ̀ tí Archer gbé dání ni owó ọ̀sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, ó ní owó ẹni tó ń gbà kéré jù nínú wọn ò gbọ́dọ̀ dín sí ṣílè 32 lọ́sẹ̀, ó sì jà á títí wọ́n fi gbà fún un. Ẹ wò ó, ibí yìí gan-an ni mo ti fún un ní máàkì tó pọ̀ jù, torí ẹni tówó ẹ̀ kéré jù ní káńsù kì í lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, àfi kẹ́nìkan bá a sọ ọ́. Ìbò já a sílẹ̀ ní 1909, ó padà wá ní 1912.

Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ méyọ̀ ní November 1913, àwọn tó wà nínú káńsù fúnra wọn ló ń dìbò yẹn, 40 sí 39 ló fi wọlé, ìbò kan ṣoṣo! Ìwé ìròyìn ti ń gbé e kiri pé Rangoon, ní ilẹ̀ Burma, ni wọ́n ti bí i, àwọn kan tiẹ̀ ń fẹnu kan ìyá ẹ̀. Ló bá dìde lójú gbogbo wọn, ó ní Liverpool ni wọ́n bí òun sí, ìyá òun kì í ṣe ará Rangoon, ọmọ Ireland ni. Mo fẹ́ràn pé kò gbójú kúrò níbi ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Ní 1918 ó di ààrẹ African Progress Union, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní London. Ní 2013 Royal Mail fi fótò ẹ̀ sórí sítáǹpù, English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìtàn, náà kan àmì búlúù tí wọ́n fi ń rántí àwọn èèyàn pàtàkì mọ́ ilé tó gbé ní Brynmaer Road, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London ẹ lọ wò ó.

Àbọ̀ ìràwọ̀ tí mo yọ, 1922 ló fà á. Ó fi ipò kánsẹ́lọ̀ sílẹ̀ kó lè bá Shapurji Saklatvala, ọmọ India tó ń du ipò aṣòfin, ṣiṣẹ́ ìbò ní North Battersea, Saklatvala sì wọlé sílé aṣòfin lóòótọ́, mi ò ní kó má ràn án lọ́wọ́, àmọ́ àwọn tó dìbò fún Archer, kánsẹ́lọ̀ ni wọ́n yàn án sí jàre. Ṣùgbọ́n ó padà síbẹ̀ ní 1931, ó ń ṣojú Nine Elms, òun ló sì jẹ́ igbákejì olórí káńsù nígbà tó kú ní July 1932. Torí ìpadàbọ̀ yẹn ni mi ò ṣe yọ odindi kan.