Cirrus SR22 àbí Bonanza G36: èwo ni ká rà?

Bàlúù kékeré ni méjèèjì, ẹ́ńjìnnì Continental IO-550 ló sì wà nínú wọn: agbára ẹṣin 310 nínú Cirrus, 300 nínú Bonanza. Ẹsẹ̀ Cirrus kì í ká. Ti Bonanza ń ká wọlé. Awakọ̀ tó bá gbàgbé láti nà án kó tó balẹ̀ yóò fi ikùn bàlúù ha ilẹ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ á lu ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà á sì di títú wò. Páráṣúùtì Cirrus lè gbé bàlúù lódindi sọ̀kalẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, owó gidi sì ni. Bonanza ní ìjókòó 6, ṣùgbọ́n bí epo ṣe ń jó ni ojúkò ìwúwo bàlúù ń sún sẹ́yìn: ẹ ṣírò ibi tó máa wà nígbà ìbalẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti ìgbéra nìkan. Fún èèyàn mẹ́ta, Cirrus ni tiwa.