Iná tó ń yí àbí iná tó ń tàn kún un: èwo ni kí ẹ wò lára páwà báìkì?

Mi ò ní bá yín sọ bí LED ṣe mọ́lẹ̀ ju gílóòbù àtijọ́ lọ. Ẹ ti rí i lójú pópó. Iná iwájú tó mọ̀ pé báìkì ti wọ kọ́nà ni mo fẹ́ fi wéra. Oríṣi mẹ́ta tó dára ló wà lọ́jà. Ìkẹrin wà tó ti jẹ mí lówó, òun ni màá pẹ́ lé lórí jù.

Ẹni tó bá ti gba Erin-Ìjẹ̀ṣà gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú mọ ohun tí mò ń sọ. Mọ́tò kì í tẹ̀ ní kọ́nà, àmọ́ báìkì gbọ́dọ̀ tẹ̀, iná iwájú á sì bá a tẹ̀. Bí ẹ bá ń yà sósì, apá òsì iná á wólẹ̀ síwájú táyà, apá ọ̀tún á máa wá ewé igi kiri lókè, ibi tí ẹ ń lọ gan-an á wá ṣókùnkùn. Bí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún, apá òsì ló máa gòkè, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló sì máa wọ̀. Ìtẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní kọ́nà tí àárín gbùngbùn rẹ̀ jìnnà sí yín ní mítà 50, bí ẹ bá ń sá 60 km ní wákàtí kan, báìkì á tẹ̀ tó nǹkan bíi dìgírì 30.

Iná tó ń yí

BMW gbé e jáde lára K 1600 GT àti GTL ní 2011. Gílóòbù xenon rẹ̀, irú tó ń fi gáàsì tàn, kì í mira. Dígí tó ń da ìmọ́lẹ̀ síwájú ni ẹ̀rọ kékeré kan ń yí, kí ìmọ́lẹ̀ lè dúró gbọọrọ lójú títì bí báìkì ti wù kó tẹ̀ tó. Sẹ́ńsọ̀ tún wà níwájú àti lẹ́yìn tó ń wo bí ṣọ́ọ̀kì tó gbé báìkì ró ṣe wọlẹ̀, torí náà bí ẹ bá gbé ìyàwó àti ẹrù sẹ́yìn, iná kò ní máa wo ojú ọ̀run. Mo ti gun ti ọ̀rẹ́ mi kan, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn: ìmọ́lẹ̀ yẹn ń ṣàn wọ kọ́nà ni, kò sí ìgbà tí ẹ máa rí i kó fò. Òun nìkan ló ń gba ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ iná yín, torí iná gangan ló ń tún gbé dúró. Àwọn tó kù ń fi kún un ni.

Ẹ ṣọ́ra o: àfikún tí wọ́n ń sanwó fún lọ́tọ̀ ni lára K 1600 yẹn. Tòkunbọ̀ púpọ̀ ní xenon, kò ní ẹ̀rọ tó ń yí i, ẹni tó ń tà á á sì máa pariwo pé “adaptive” ni, ìyẹn iná tó ń bá kọ́nà yí.

Iná ẹ̀gbẹ́ tó ń tàn kún un

Kò sí ohun tó ń yí níbí. LED mélòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú, wọ́n á máa tàn bí báìkì ṣe ń tẹ̀. KTM 1290 Super Adventure àti Ducati Multistrada 1200 S ní in láti 2015, Yamaha FJR1300ES ní 2016, Kawasaki Ninja H2 SX SE ní 2018. Ti Kawasaki, mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tàn ní nǹkan bíi dìgírì 10, èkejì ní 20, ẹ̀kẹta ní 30. Irú èyí ló wà lára báìkì tí mò ń gùn báyìí. Ẹ máa rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fò kún un ní ìpele-ìpele, àwọn kan ní ó ń da ojú àwọn láàmú. Lọ́sẹ̀ kejì ojú á ti mọ́ ọn lára.

Iná róbótó ínǹṣì 7

Fún ẹni tó ní Harley tàbí báìkì míì tó ń lo iná róbótó. J.W. Speaker ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, ló lórúkọ jù. Sẹ́ńsọ̀ wà nínú iná fúnra rẹ̀, LED inú rẹ̀ ló ń pín iṣẹ́ ṣe, kò sí ohun tó ń mira. Ó wọ́n. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀ràn sẹ́ńsọ̀

Ìkẹrin ni àpótí iná tí kò lórúkọ, tí wọ́n ní ó bá báìkì gbogbo mu, tó ní ẹ̀rọ kékeré lẹ́yìn tó ń yí i. Fídíò tí wọ́n fi polówó rẹ̀ dùn ún wò. Ẹnì kan jókòó lórí báìkì tó dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, sósì, iná sì wà lára ògiri gbọọrọ, kò mì. Mo rà á. Rẹ́wáyà so ó mọ́ ọn, mo dán an wò nínú àgbàlá, ó ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, gbogbo ará ilé pàtẹ́wọ́.

Lójú títì, kò ṣe nǹkan kan. Mo wọ kọ́nà, iná bá báìkì tẹ̀ bí ìgbà tí mi ò rà á. Mo bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tẹ bíréèkì, ó tún ń wá ibi tí yóò kọjú sí. Ẹni tó tà á ní rẹ́wáyà ló so ó bà jẹ́. Rẹ́wáyà ní ọjà ni kò dára. Owó kò padà, wáyà tí wọ́n gé kò sì tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀ títí dòní.

Ohun tó fà á kò ṣòroó yé. Sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú ibi tí ilẹ̀ wà nìkan ló ń wá. Báìkì tó dúró, tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀, ilẹ̀ hàn sí i kedere. Àmọ́ báìkì tó ń sá nínú kọ́nà, agbára tó ń tì í síta àti ìwúwo rẹ̀ á para pọ̀, wọ́n á sì tẹ̀ mọ́ ọn lórí bí ẹni pé ó dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá lè gbé ife omi sórí táǹkì kí ẹ fi wọ kọ́nà láìjá bíréèkì, omi náà kò ní dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ á bá báìkì tẹ̀ ni. Ohun tí ife yẹn rí náà ni sẹ́ńsọ̀ yẹn rí: fún un, ẹ kò tẹ̀ rárá.

Èyí tó mọ̀ lóòótọ́ gbọ́dọ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí báìkì ṣe ń yí kíákíá sí, kí ó sì fi ohun tó kà wé eré táyà. Bosch ti Jámánì gbé irú rẹ̀ wọ KTM 1190 Adventure ní nǹkan bí ìparí 2013 nítorí ABS inú kọ́nà, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ó sì ń ṣe ìṣirò tó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Báìkì tó bá ti ní irú sẹ́ńsọ̀ yẹn fún bíréèkì, ó rọrùn kí iná náà yá sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún lò. Ìdí nìyẹn tí iná ẹ̀gbẹ́ fi rú jáde lẹ́yìn 2014.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi báìkì tó dúró dán iná wò fún yín. Ẹ wá pápá gbalasa tó ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹni tó ń tà á máa gùn ún yípo, kí ẹ̀yin dúró wo ìmọ́lẹ̀ lára ògiri. Bó bá ní kò sáyè, ẹ máa lọ sílé.

Àwọn ìyókù

Òjò: ẹ wo inú gíláàsì bóyá oru omi wà níbẹ̀. Bátìrì: kò sí ìyàtọ̀ tó yẹ kó dá yín dúró. Ẹ̀yà ara: ti iná tó ń yí, odidi ni ẹ máa rà, ìtò rẹ̀ sì gba kọ̀ǹpútà tí rẹ́wáyà àdúgbò kò ní. Ti iná ẹ̀gbẹ́, bí ó bá kú, iná iwájú yín ṣì wà níbi tó wà.

Tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àwa ní Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì láti April 1972. Iná báìkì míì dọ́gba sọ́tùn-ún sósì, òmíràn sì máa ń gùn sí apá òsì, èyí tó máa ń wọ ojú àwọn tó ń bọ̀ níbí. Ẹ tan án sí ògiri kí ẹ tó sanwó.

Ìdájọ́

Iná tó ń yí àti iná ẹ̀gbẹ́, méjèèjì dára. Bí ẹ bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ṣọ́ọ̀bù alágbàṣe ilé iṣẹ́ náà wà nítòsí, tí òru sì jẹ́ àkókò tí ẹ máa ń rìn, ẹ kò ní kábàámọ̀ iná tó ń yí. Fún ẹni tó ń gun ọ̀nà wa, tó ń ja kòtò lójoojúmọ́, tí rẹ́wáyà rẹ̀ wà lábẹ́ igi, èmi á ní kí ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn báìkì oní-iná ẹ̀gbẹ́ tún pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé, owó wọn sì ṣeé bá dúnàá-dúrà. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára K 1600, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ìwé àwọn àfikún rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ bá a.