Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin káfíńtà: ẹ má sanwó ayùn máítà tí wọn ò yí sí ọ̀tún lójú yín

Ẹ̀yin ará Okun, okun o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ igi ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Lọ́kọ́ja. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. 180,000 náírà! Owó èésú tí mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá ni ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ mi lórí ayùn máítà, ayùn oníná tó ń gé orí igi ní ìdábùú kí méjì lè pàdé ní igun, tòkunbọ̀ tí kò lè gé igun kan kó pé.

Ayùn náà ń dán nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ọ̀dà tuntun, ìlẹ̀mọ́ tuntun tí wọ́n kọ digírì sí. "Ọ̀gá mi, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹrù Jámánì ni." Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó mú igi síílìnì pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ, ó yí orí ayùn sí òsì, ó dì í ní digírì 45, ó gé e. Ó mú igi kejì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún gé e ní apá òsì yẹn kan náà. Ó so méjèèjì pọ̀, wọ́n bára mu rẹ́gí! Mo ní kó yí i sí ọ̀tún kí n rí i. Ó ní epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán, ó ní bí òsì bá dáa tó báyìí, kí ló máa ṣe ọ̀tún?

Kí ló dé tí n ò takú? Mo ti bi ara mi lóru, kò sí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ má dá mi lẹ́bi o. Ẹni tó ti ń fi ayùn ọwọ́ àti àpótí onígi gé máítà láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, tó wá rí igun tó pa pọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn lójú ara rẹ̀, ṣé ó máa rò pé ẹ̀tàn ni? Olè yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Igi pẹlẹbẹ ṣeé dojú dé, torí náà apá kan ayùn tó o. Pákó tó ní ọnà lójú kò ṣeé dojú dé. Tí ẹ bá gé òpin kan ní òsì, ọ̀tún lẹ máa gé òpin kejì. Ó mọ̀ dáadáa!

Mo gbé e wálé. Pákó ọ̀gànwó onínǹṣì 4 la fẹ́ fi yí àwọn ẹnu ọ̀nà ilé kan po ní Ìyàrà. Òsì ń gé 45, ọ̀tún fi digírì 2 yẹ̀. Ẹ lè ní digírì 2 kò tó nǹkan. Lórí igi ínǹṣì kan, àlàfo rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílímítà 1, ekuru igi á dí i. Lórí pákó ínǹṣì 4, ó tó mílímítà 5! Ti férémù àwòrán ló tún burú jù, torí digírì 2 ní igun kọ̀ọ̀kan á di 8 ní igun ìkẹyìn, kò sì ní pàdé láéláé. Onílé dúró, ó gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wolẹ̀. Ojú tì mí débi pé n ò lè gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó gbé fún wa. Ọ̀gànwó! Igi tí mo fowó rà!

Nígbà tí mo délé, mo dojú ayùn náà dé, mo fi ìṣó ha ọ̀dà ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti là ní apá ọ̀tún. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Wọ́n fi ọ̀dà bò ó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé kí n ki páálí sẹ́yìn igi kí n fi tún ìyẹ̀ yẹn ṣe, ayùn tó ń mì ni, bó ṣe yẹ̀ lónìí kọ́ ló máa yẹ̀ lọ́la.

Mo pè é. Ó ní igi mi ló tutù. Irọ́ ni! Igi tutù máa ń súnkì ní ìbú ju gígùn lọ, torí náà inú igun ni máítà rẹ̀ ti ń là, ó sì máa ń di ìgbà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Tèmi là ní ìta igun, lójú ẹsẹ̀ tí mo gé e. Bí mo ṣe sọ èyí fún un, ẹni tó ń pè mí ní ọ̀gá ló ní, "O ò mọ̀ ọ́n lò ni. Tòkunbọ̀ kì í padà." O! Ọmọ tí mo lè bí! Látìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́, àtàwọn tó ń ta irinṣẹ́ àtàwọn onípákó tó ń ta igi tutù fún wa pé ó gbẹ.

Ẹ mú pákó tó fẹ̀ àti síkúà yín, irinṣẹ́ tí a fi ń wo bóyá igun pé, dání láti ilé. Ẹ gé ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tún, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ ki síkúà sínú igun. Tó bá ní epo tán, ẹ ra epo fún un. Ẹ mi orí ayùn náà nígbà tẹ́ ẹ bá ti dì í. Ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ka fóòtì, ìyẹn agbára iná, tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, torí iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa jẹ́ 230, ó sì lè jó mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gba rìsíìtì. Èmi ń gbé tèmi padà lọ bá a ní Lọ́kọ́ja. Owó mi ni mo fẹ́, n ò gba pàṣípààrọ̀.